Òróró nínú oúnjẹ ehoro: oúnjẹ ni àbí oògùn?

Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ehoro lórí WhatsApp, ní Ìlọrin o, ní Ọ̀fà o, títí dé Òmù-Àrán, á ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fífi òróró sí oúnjẹ ehoro. Ẹnì kan á ní ṣíbí epo pupa kan lójúmọ́ ló mú kí ehoro òun ki pọ́pọ́ láàárín oṣù méjì. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, àdín ni kí wọ́n lò, pé ìgbẹ́ gbuuru ni epo pupa ń fà. Ẹnì kẹta á gbé fọ́tò ìgò òróró habbatu sauda, hóró dúdú tí wọ́n fi ń ṣe oògùn, síta pé ẹ̀kán mẹ́ta nínú omi ti tó, àrùn kankan kò lè wọlé mọ́. Kó tó di alẹ́, ẹnì kan á béèrè bóyá òróró tí ìyá alákàrà lò kù náà ò ní ṣe é.

Ìdáhùn kan ṣoṣo kò lè kárí gbogbo wọn, torí pé ohun mẹ́ta ni a kó sábẹ́ orúkọ kan. Òróró tó jẹ́ oúnjẹ lásán wà, bí a ṣe ń fi sínú ọbẹ̀. Òróró tó ní irú ọ̀rá kan tó lè bá bakitéríà inú ìfun jà wà. Èyí tí wọ́n ń yọ lára ewé olóòórùn tún wà, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rá rárá. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ọ̀kan lo èkejì, ehoro rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ òróró fi gbòde?

Owó fíìdì ló kọ́kọ́ fà á. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó àgbàdo àti sóyà fò sókè débi pé ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn adìyẹ kógbá sílé. Lóṣù Keje ọdún 2024, ìjọba kéde pé fún 150 ọjọ́, wọ́n lè kó àgbàdo àti àwọn oúnjẹ kan wọlé láìsan owó aṣọ́bodè. Oṣù yẹn kan náà ni Ààrẹ Tinubu dá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Lábẹ́ gbogbo wàhálà yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yíjú sí ehoro. Olùkọ́ tó ń gbé Tanke ní Ìlọrin lè kan àgò mẹ́rin sẹ́yìn ilé rẹ̀. Oyún ehoro kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ. Ó ń jẹ yúnyún, ó ń jẹ ewé ànàmọ́, èyí tí kì í wọ́n ará Ọ̀fà. Ìtọ̀ rẹ̀ pàápàá ti di ọjà, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ń rà á láti fi wọ́n oko.

Ṣùgbọ́n ewé nìkan kì í tètè sọ ehoro di ẹran tí ẹni tó ní ilé oúnjẹ máa fi owó rà. Ẹni tó bá fẹ́ kó tó kílò méjì láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ fi fíìdì kún ewé, ibẹ̀ sì ni owó ti ń jò. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní ó lè mú kí fíìdì díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀, etí ọlọ́sìn á fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìdí kejì ni ẹ̀rù. Lọ́dún 2020, àrùn ehoro kan tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní RHD di ohun tí wọ́n kéde pé ó ti dé Nàìjíríà, Kwara sì wà lára ibi tí ìròyìn rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ehoro tó jẹun yó lálẹ́ lè ti kú kílẹ̀ tó mọ́, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á wà nímú rẹ̀. Ẹni tó ti ṣí àgò lówùúrọ̀ rí tó bá òkú níbẹ̀ kì í béèrè ẹ̀rí púpọ̀ kó tó gba ohun tí wọ́n bá pè ní ààbò.

Ìdí kẹta ti wà tipẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́sìn ti ń kán òróró sí etí ehoro tí kòkòrò wọ̀, tí inú etí rẹ̀ ń hù èépá pẹ́pẹ́pẹ́. Ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan, torí pé òróró kì í jẹ́ kí kòkòrò náà rí atẹ́gùn mí sí. Láti etí dé ẹnu kò sì jìnnà.

Kí ni òróró ń ṣe nínú ara ehoro gan-an?

Agbára ló ń gbé wá. Gíráàmù ọ̀rá kan ní nǹkan bí kilokálórì 9 nínú. Gíráàmù sítáàṣì kan kò ju nǹkan bí 4 lọ. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti bí ikùn ehoro ṣe rí.

Ehoro kì í ṣe adìyẹ, kì í sì í ṣe ewúrẹ́. Inú rẹ̀ kò pín sí yàrá mẹ́rin bíi ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àpò ńlá kan níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, cecum ni wọ́n ń pè é, níbi tí bakitéríà ti ń sọ ewé di oúnjẹ. Ohun rírọ̀ tó bá ti ibẹ̀ jáde ni ehoro ń fi ẹnu gbà ní ìdí ara rẹ̀, tó sì ń gbé mì padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ebi ló ń pa á. Ibi tó ti ń rí agbára nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ikú rẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ kí ehoro tètè sanra, tí ẹ wá ń da àgbàdo fún un, sítáàṣì tí ìfun òkè kò rí jẹ tán á ṣàn wọ inú àpò náà. Bakitéríà burúkú á rí oúnjẹ, ikùn á wú, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni èyí máa ń pa jù.

Òróró kì í gba ibẹ̀. Inú ìfun kékeré ló ti ń wọ ara. Nípa bẹ́ẹ̀, èèyàn lè fi agbára kún oúnjẹ láìfi sítáàṣì kún un, láìsì dín fáíbà tí ehoro kò lè ṣe aláìní kù. Ìdí tí àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ẹran fi ń wo ọ̀rọ̀ òróró nìyí. Pé irun ehoro ń dán sí i jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló gbé wọn débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni “dàgbà”. Ehoro ń jẹun títí ara rẹ̀ á fi rí ìwọ̀n agbára tó ń fẹ́. Bí oúnjẹ òní bá lágbára ju ti àná lọ, á fi díẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ń bá pàdé kì í ṣe ehoro tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíofío. Iye fíìdì tí ehoro ń jẹ kó tó fi kílò kan kún ara rẹ̀ ló ń dín kù. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ẹni tó ń ra fíìdì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wà nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ewu kan sì wà níbẹ̀: bí ehoro bá ti ń jẹ díẹ̀, purotéènì àti fítámì tó ń wọ inú rẹ̀ dín kù pẹ̀lú, àfi bí ẹni tó po fíìdì bá fi kún un. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó bá pa ehoro náà, ọ̀rá ni yóò bá yí kíndìnrín ká, itan rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Abo tó ń fún ọmọ lọ́mú ni ẹ̀rí ti dúró dáadáa jù. Wàrà ehoro nípọn: ọ̀rá inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti màlúù kò ju nǹkan bí 4 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló sì sábà máa ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́mú, fún ìṣẹ́jú mélòó kan péré, á sì bá tirẹ̀ lọ. Abo tó ń ṣe irú wàrà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mẹ́jọ kì í lè jẹun tó ohun tó ń jáde lára rẹ̀, ara tirẹ̀ ló ń fi dí i. Bí wọ́n bá fi òróró díẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀, wàrà sábà máa ń pọ̀ sí i, àwọn ọmọ sì máa ń wúwo sí i nígbà tí wọ́n bá já lẹ́nu ọmú. Ó yani lẹ́nu pé apá yìí gan-an ni kì í sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp. Ehoro tí wọ́n fẹ́ tà nìkan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣé epo pupa, àdín àti òróró sóyà kì í ṣe ọ̀kan náà?

Àwọn baba wa tó ní epo ni Èṣù ń jẹ, pé àdín ni èèwọ̀ rẹ̀, kò ní ẹ̀rọ tó ń yẹ inú òróró wò, bẹ́ẹ̀ inú èso igi kan náà ni méjèèjì ti jáde. Ọ̀kan jáde lára ẹran ẹyìn, èkejì jáde nínú ekùrọ́, ìwà wọn kò sì bára mu.

Epo pupa, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì nínú òtútù. Ehoro kì í jẹ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ dà tó bó ṣe ń jẹ òróró tó ń ṣàn. Àǹfààní tirẹ̀ ni àwọ̀ pupa yẹn, èyí tí ara ń sọ di fítámì A, àti fítámì E. Ẹni tó bá yọ́ epo náà títí ó fi funfun ti da àǹfààní yìí nù.

Òróró sóyà yàtọ̀ pátápátá. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ linoleic acid, ásíìdì ọ̀rá tí ara ehoro kò lè ṣe fúnra rẹ̀, ó sì tún ní nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ómégà-3, irú ọ̀rá mìíràn tí ara ehoro kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Òróró ẹ̀pà ní linoleic dáadáa, ṣùgbọ́n ómégà-3 rẹ̀ kò tó nǹkan. Òrí tó ń ti Baruten àti Kaiama wá dì jù fún iṣẹ́ yìí. Ara èèyàn ni kí wọ́n máa fi pa.

Ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ọ̀rá tí ehoro bá jẹ ni ọ̀rá tó máa wà lára rẹ̀. Nínú màlúù àti ewúrẹ́, bakitéríà inú ikùn ti máa ń yí ọ̀rá padà kó tó wọ ara. Ti ehoro kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fún un ní òróró tó ní ómégà-3, ẹran rẹ̀ á ní ómégà-3. Ẹni tó bá fún un ní òróró ẹja jù, ọbẹ̀ rẹ̀ á máa ta sánsán bí ẹja, oníbàárà á sì béèrè ohun tí wọ́n tà fún òun.

Àdín ni àríyànjiyàn rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Wàrà ehoro ní ohun kan tí wàrà màlúù kò fi bẹ́ẹ̀ ní: apá ńlá nínú ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ àwọn ásíìdì ọ̀rá kúkúrú méjì tí wọ́n ń pè ní caprylic àti capric. Àwọn méjèèjì ń pa bakitéríà. Ìdí nìyí tí inú ọmọ ehoro tó ṣì ń mu ọmú fi máa ń mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹran kékeré mìíràn lọ. Ọjọ́ tó bá já lẹ́nu ọmú ni ààbò yìí máa ń já, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìgbẹ́ gbuuru máa ń kó wọn lọ. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Czech wá ronú pé bí wàrà bá ti tán, kí ni ká fi caprylic sínú fíìdì fún? Wọ́n dán an wò, ikú àwọn ọmọ tó já lẹ́nu ọmú sì dín kù.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ní “àdín ní caprylic”. Òótọ́ ni, ó ní in. Ṣùgbọ́n caprylic inú àdín kò ju nǹkan bí ìdá 3 tàbí 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àdín àgbọn ní tó ìlọ́po méjì èyí. Lauric, ásíìdì ọ̀rá mìíràn, ló kún inú àwọn méjèèjì, tó súnmọ́ ìdajì, òun náà sì ń bá bakitéríà jà lọ́nà tirẹ̀. Ẹni tó ń fún ehoro ní àdín kò ṣe ohun tí àwọn ará Czech ṣe. Ó ṣe ohun tó jọ ọ́.

Habbatu sauda, efinrin àti kànáfùrù ńkọ́?

Ìlú àlùfáà ni Ìlọrin, kò sì sí ilé tí wọn ò ti mọ hádíìsì tó ní ìwòsàn wà nínú habbatu sauda fún gbogbo àrùn àyàfi ikú. Kò yani lẹ́nu pé ó ti inú ilé dé inú àgò ehoro. Àwọn onímọ̀ ní Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ehoro gan-an, ti fi hóró rẹ̀ àti òróró rẹ̀ bọ́ ehoro láti wo ohun tó máa ṣe.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: òróró tí wọ́n fún lára habbatu sauda jẹ́ ohun méjì nínú ìgò kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ òróró oúnjẹ, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ linoleic acid, bíi ti sóyà. Èyí tó kéré ni apá olóòórùn, tí thymoquinone wà nínú rẹ̀, apá yìí sì ni wọ́n ń retí iṣẹ́ oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò méjì tó jọ ara wọn lórí àtẹ lè ní ìwọ̀n thymoquinone tó yàtọ̀ síra gan-an.

Efinrin ńlá àti kànáfùrù wà lápá kejì yìí. Thymol wà nínú efinrin ńlá, eugenol wà nínú kànáfùrù. Wọ́n ń fi omi gbígbóná yọ oje wọn bí oru omi ṣe ń gbé òórùn jáde nínú ìkòkò àgbo, ohun tó bá sì jáde kì í ṣe ọ̀rá, kò sì fún ehoro lágbára kankan. Òkìkí irú oje bẹ́ẹ̀ kàn lẹ́yìn tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de lílo àǹtíbáyótíìkì láti fi mú ẹran dàgbà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2006. Àwọn ọlọ́sìn wọn nílò ohun tó máa rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ̀n ló yẹ kó dẹ́rù bani. Òróró oúnjẹ, gíráàmù 20 sí 30 ni wọ́n sábà ń fi kún kílò fíìdì kan. Oje olóòórùn, nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, kì í kọjá ìdajì gíráàmù. Ẹni tó bá gbọ́ “òróró, ṣíbí kan”, tó wá bu ṣíbí oje kànáfùrù, ó ti jó ẹnu àti inú ehoro náà.

Ìwọ̀n wo ló wà nínú ṣíbí kan?

Ehoro tó ń dàgbà ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 100 fíìdì lóòjọ́. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2, kò tó ìdajì ṣíbí tíì. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan gba nǹkan bí gíráàmù 13 òróró. Ẹni tó ń fún un ní ṣíbí kan lójúmọ́ ti fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, bẹ́ẹ̀ fíìdì náà kò ṣófo tẹ́lẹ̀: àgbàdo ní ọ̀rá tirẹ̀, èérún ẹ̀pà àti ti ekùrọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún lábẹ́lé ṣì máa ń ní òróró tó kù sínú wọn. Bí àpapọ̀ ọ̀rá inú oúnjẹ bá ti kọjá ìdá 5 tàbí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, àǹfààní rẹ̀ ti ń tán lọ nìyẹn. Ìgbẹ́ tó rọ̀, tó sì ń dán, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rí. Nítorí náà ẹni tó ní epo pupa ń fa ìgbẹ́ gbuuru kò parọ́, ó kàn jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ ló fà á.

Lórí àpò, ìṣirò náà rọrùn. Ìgò omi 50cl kan tó kún fún òróró jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 460. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ àpò fíìdì 25kg kan, ó dín díẹ̀ ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgò 75cl á sún mọ́ ìdá 3. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í da òróró sórí àpò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ pò ó mọ́ abọ́ fíìdì méjì tàbí mẹ́ta bí ẹni ń fi epo po gààrì, kí wọ́n tó wá pò ó mọ́ ìyókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ehoro kan á jẹ òróró ti mẹ́ta. Wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí inú ehoro lè mọ̀ ọ́n lára.

Ta ló ń bá ta jiyàn?

Àwọn tó fara mọ́ òróró nínú ọlọ́sìn ń tọ́ka sí irun tó ń dán, ọmọ tó wúwo, abo tí kò gbẹ. Ohun tí wọ́n fojú rí ni, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Àìlera ẹ̀rí wọn ni pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ehoro ní òróró sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àgò dáadáa lọ́jọ́ kan náà, a kò sì mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Àwọn tó ń lọ fíìdì ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Bí òróró bá pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ fún di oníhóró, kò ní lẹ̀ mọ́ra, á máa rún sínú àpò. Ehoro kì í fẹ́ jẹ èérún, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń wọ̀ wọ́n nímú tí wọ́n fi ń sín. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń fín òróró sórí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un tán.

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ẹran kò kọ òróró. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dà sórí fíìdì tó ti pé tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kó wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀: bí agbára bá lọ sókè, kí purotéènì bá a lọ, kí fáíbà má wálẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, kí fítámì E sì pọ̀ sí i bí òróró náà bá jẹ́ irú tó ń tètè bàjẹ́.

Ẹgbẹ́ kẹrin ni mo fẹ́ràn láti gbọ́rọ̀ wọn jù, bóyá torí pé wọn kì í pariwo. Àwọn àgbà ọlọ́sìn tó ń já ewé ni. Wọ́n ní ewé tútù ti tó. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sì gbè wọ́n níbì kan tí wọn ò retí: ọ̀rá inú ewé tútù kò pọ̀, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ómégà-3. Ehoro tó ń jẹ yúnyún àti ewé ànàmọ́ láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá ti ń rí ohun tí ẹlòmíràn ń fi owó rà nínú ìgò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ń yẹ̀ ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yúnyún bá gbẹ, tí iná sì ti jó pápá.

Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ ooru?

Ó kàn án. Ehoro kì í làágùn. Etí rẹ̀ ló fi ń tu ooru dànù. Ó ń gbádùn ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí 15 sí 25°C, bó bá ti kọjá 30 ìnira ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kejì àti Ìkẹta, ọ̀sán Ìlọrin sábà máa ń lé ní 35. Nírú àkókò yẹn ehoro kì í fẹ́ jẹun, torí pé dídà oúnjẹ fúnra rẹ̀ ń mú ara gbóná. Ọ̀rá ni dídà rẹ̀ ń mú ooru tó kéré jù wá, nítorí náà agbára ń wọ ara láìdá kún ìnira rẹ̀. Èyí fún òróró láyè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ìgbà òjò lọ. Ṣùgbọ́n kò rọ́pò àjà tó ga, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ́pò omi tútù. Ehoro tó wà lábẹ́ páànù tó gbóná kò ní torí ìdá 2 òróró yè.

Ṣé òróró lè dènà àrùn tó pa ehoro lọ́dún 2020?

Rárá. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa RHD, kò sì sí òróró kankan tí wọ́n ti fi hàn pé ó ń pa á tàbí pé ó ń dènà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ní in. Láàárín wa, ohun tó wà lọ́wọ́ ọlọ́sìn ni kó má kó ehoro tuntun wọ àárín ti àtijọ́ lójú ẹsẹ̀, kó má gba àgò tí ẹlòmíràn lò, kó sì ri òkú mọ́lẹ̀ jìn. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Fásitì Ìlọrin; ehoro méjì tó bá kú lọ́jọ́ kan náà tó ìdí láti débẹ̀.

Coccidia náà, kòkòrò inú ìfun tí ojú lásán kò lè rí, tó ń mú kí ikùn ọmọ ehoro wú tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣàn, ní oògùn tirẹ̀ tí wọ́n mọ̀. Àwọn kan ń yẹ oje olóòórùn wò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí dókítà ẹran lè ju oògùn sílẹ̀ kó mú ìgò efinrin.

Kí ló lè sọ òróró di májèlé?

Ooru, oòrùn àti atẹ́gùn. Òróró tó ti kan ń ba fítámì A àti E inú fíìdì jẹ́, ehoro á sì gbọ́ òórùn rẹ̀ ṣáájú ẹni tó ni ín, á kọ̀ ọ́. Sóyà ń tètè kan ju epo pupa àti àdín lọ, torí náà fíìdì olóróró sóyà kò yẹ kó pẹ́ nínú yàrá abẹ́ páànù. Ẹni tó bá pò ó, kó po ohun tó máa tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Òróró àkàrà tí wọ́n béèrè lókè yẹn, iná ti sè é títí, ó ti ní ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nínú. Epo pupa náà ní ewu tirẹ̀ lọ́jà: àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún aráàlú nípa àwọn tó ń fi aró Sudan pa epo láró kó lè pọ́n. Èyí tó pọ́n jù lórí àtẹ lè máà jẹ́ èyí tó dára jù.

Ìkejì ni síríǹjì. Àwọn kan ń fi fún òróró sí ehoro lẹ́nu. Bí òróró bá gba ọ̀fun òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ṣòro kó tó jáde. Á máa mí gúlegúle, ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta wọ́n á ní àrùn ló pa á.

Ṣé owó tó wọlé tó owó òróró?

Iye ọjà ló máa sọ, ìṣirò rẹ̀ sì rèé. Ẹ jẹ́ ká mú ehoro kan láti gíráàmù 700 dé kílò 2: ó fi kílò 1.3 kún ara rẹ̀. Bí ó bá ń jẹ kílò fíìdì 4 kó tó sanra kílò kan, á jẹ kílò 5.2. Bí òróró bá mú un wálẹ̀ sí 3.6, á jẹ nǹkan bí kílò 4.7. Ìdajì kílò fíìdì ló kù sínú àpò. Òróró tó wà nínú kílò 4.7 yẹn, ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ nǹkan bí 10cl.

Nítorí náà ìdajì kílò fíìdì àti 10cl òróró ni wọ́n jọ wà lórí òṣùwọ̀n. Ẹ béèrè iye òróró ní Ìpàtà tàbí lọ́jà Àjàsẹ́-Ìpo, ẹ béèrè iye kílò fíìdì lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ̀ ọ́ fún yín, kí ẹ tó gbé ìgò dání.